Wọn Kò Yẹ Ẹnu Ajá Wa Wò

Oṣù mẹ́rin ni ajá wa fi jìyà eyín. Gbogbo àgbà tó yí i ká, àti èmi náà, ń sọ pé aràn ló ń ṣe é. Nígbà tó yá, a ní ọjọ́ orí ni. Nígbà tó tún yá, wọ́n ní wèrè ni. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ọdún ti gorí ọdún, síbẹ̀ bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, inú máa ń bí mi débi pé mo ní láti dìde níbi tí mo bá jókòó sí.

Life Camp, ní olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, ni a ń gbé nígbà náà, nínú èsìtéètì kékeré kan tí gbogbo wa jọ ń gba géètì kan ṣoṣo wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn mínísírì ìjọba àpapọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kàdúná ni iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé, ọjọ́ Àìkú ló máa ń padà. Ọdún tí a kó dé ibẹ̀ ni olè gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa, ìyẹn ló mú kí ọkọ mi lọ ra ọmọ ajá kan. Ajá pupa ni. Etí rẹ̀ ọ̀tún nàró, ti òsì tẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ó dàgbà, ó tóbi, kò sí àjèjì tó lè fọwọ́ kan ilẹ̀kùn wa kó má gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé, orí ẹsẹ̀ ìyá mi ló máa ń gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé bó bá fẹ́ sùn.

Ìyá mi ti wá láti Èkìtì nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, wọn kò sì padà mọ́. Àwọn ló ń fún ajá lóúnjẹ. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọjọ́ Ìsinmi, tí ọbẹ̀ bá jinná, wọ́n á ṣa eegun màlúù jọ sínú abọ́ fún un. Eegun tó ti bọ̀ títí ni. "Eegun ni orin ajá," báyìí ni wọ́n máa ń wí, orin tiwọn fúnra wọn á sì wà lẹ́nu wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, nítorí orin ata ni ìyá mi fi ń fọ eyín tàárọ̀ talẹ́. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa dàgbà nìyẹn.

Pé ẹnu ajá náà ń rùn, a mọ̀. Bó bá mí sí ènìyàn lójú, ènìyàn á yíjú kúrò. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì, á fi ìka méjì dí imú, a ó sì jọ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wà lára ohun tó ń dùn mí. Èmi tí mo ń pariwo lé ọmọ lórí lálaalẹ́ pé kó lọ fọ ẹnu kó tó sùn, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹ̀dá mìíràn wà nínú ilé kan náà tó ní eyín ju tiwa lọ, tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀ fún un rí láti ọdún márùn-ún tó ti wà lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún náà ni oúnjẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Á gbé òkèlè sẹ́nu, á gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á jẹ ẹ́ díẹ̀, á sì jẹ́ kó já bọ́. Ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ha ara ògiri. Itọ́ ń sun lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi fẹ́ fọwọ́ pa á lórí lọ́jọ́ kan, ó kùn mọ́ ọn, ohun tí kò ṣe rí.

Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá kan tó jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ obìnrin wa, tó ń sin ajá mẹ́ta ní ilé rẹ̀ ní Karmo, ní kí n má dààmú. Ó ní dókítà ajá kan wà ládùúgbò wọn, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọmọ ilé wa ni, á wá bá mi nílé. Ọkọ mi a máa gbé ajá náà lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko lọ́dọọdún láti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà nílé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìn, n kì í sì í ráàyè láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ọmọ ilé wa ni" yẹn ló dùn mọ́ mi létí. Mo ní kó máa bọ̀.

Ọkùnrin náà gun alùpùpù dé, ó wọ ẹ̀wù funfun gbọ̀ọ̀rọ̀, ó gbé báàgì aláwọ lọ́wọ́. Ó kí ìyá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí síméńtì. Lẹ́yìn náà ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ajá, ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Kò jẹun dáadáa mọ́," mo dá a lóhùn.

"Aràn ni, Màdámù."

Ó fa oògùn kan láti inú ìgò tí ìwé ara rẹ̀ ti pa rẹ́, ó gún ajá náà ní ìdí, ó lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló padà wá láàárín oṣù mẹ́ta, ìgò kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà. Nígbà kẹta, mo bi í bóyá kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ló ń dùn ún, nítorí òórùn náà ti pọ̀ jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ìyá mi bí ẹni pé kí wọ́n bá òun gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ wọn ń sọ.

"Màdámù, ṣé ajá ń fọ ẹnu ni?"

Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà ní mo ń ṣe bí òyìnbó.

Ìyá mi ló rí i níkẹyìn. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, wọ́n jókòó ní fàráńdà, orin wà lẹ́nu wọn, ajá náà sùn sí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n pè mí láti inú ilé ìdáná, ohùn wọn rẹlẹ̀. Mo jáde. Wọ́n ti fi ìka gbé ètè òkè ajá náà sókè díẹ̀, ajá náà kò sì jà, ó kàn ń wò wọ́n.

"Wo nǹkan," ni wọ́n wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àwọn eyín iwájú ṣì funfun díẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn kò ṣe é dá mọ̀ ní eyín mọ́. Èépá aláwọ̀ ilẹ̀ ti bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó le, ó nípọn, bí èyí tí omi máa ń fi sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù tó ti gbó. Èrìgì tó wà nídìí wọn pọ́n, ó wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn eyín ńlá náà ti là sí méjì, àárín rẹ̀ dúdú. Ìyá mi jẹ́ kí ètè náà padà sílẹ̀. Wọ́n yọ orin kúrò lẹ́nu wọn, wọ́n sì gbé e sọnù sínú ọgbà.

Mo pe ọmọ ilé wa. Mo ní a ti rí ohun tó ń ṣe ajá o, eyín ni. Ẹ bá mi wo bí kò ṣe tì í lójú rárá. Ó ní, "Ha, ìyẹn ò le, Màdámù. Mo ń bọ̀ wá ha á kúrò." Bí ẹni pé láti ọjọ́ yìí ló ti ń sọ fún mi pé eyín ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ló dé, nígbà tí ọkọ mi ti jáde. Mo rò pé á kó irinṣẹ́ wá. Ohun tó mú jáde láti inú báàgì náà ni irin pẹlẹbẹ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń tú sukúrù, gírísì ṣì wà lára rẹ̀ ní ìdí. Ó fi okùn so ajá náà mọ́ òpó ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí.

"Ẹ ò ní fún un ní oògùn oorun?" mo bi í.

"Ajá kì í ṣe ènìyàn, Màdámù. Ẹ bá mi di orí ẹ̀ mú."

Mo dì í mú. N kò lè fi ìyẹn pamọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi di orí ajá tó gbẹ́kẹ̀ lé mi mú, tí ọkùnrin náà sì ń fi irin ha á ní eyín bí ẹni ń ha ọ̀dà lára ògiri. Èépá náà já bọ́ ní wẹ́wẹ́ sórí síméńtì. Ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e. Ajá náà ń gbọ̀n, ó ń sunkún bí ọmọdé, ṣùgbọ́n kò bu ẹnikẹ́ni jẹ. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yìí ti ẹnu irin náà bọ ìdí eyín tó là, ó sì fẹ́ fi ipá hú u.

Ìró tó jáde lẹ́nu ajá náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó já okùn, ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó bu ọkùnrin náà jẹ ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Lẹ́yìn ìyẹn ó sá lọ sẹ́yìn táǹkì omi, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti irin yẹn bọ èmi ní ìdí eyín, èmi ìbá bù ú jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo sì sọ fún un pé kó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ó di ọwọ́ rẹ̀, ó kó báàgì rẹ̀, ó lọ. Ọsibítù kọ́ ló kọ́kọ́ lọ. Géètì ló dúró sí. Nígbà tí mo jáde láti lọ ra oògùn, mẹ́gáàdì wa, bàbá Hausa kan tó máa ń bá ajá náà ṣeré, fà sẹ́yìn nígbà tó rí mi.

"Kai, Madam, sànnu. Dókítà ní ajá yín ti ya dìgbòlugi. Ó ní kí n sọ fún gbogbo ilé."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ti gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, alága ẹgbẹ́ àwọn olùgbé èsìtéètì wa wá pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Ọ̀gá ológun tó ti fẹ̀yìn tì ni alága náà, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń bá gbogbo wa sọ. Kò jókòó. Ó ní ìgbìmọ̀ ti pinnu, ọjọ́ mẹ́ta ni mo ní láti mú ajá náà kúrò.

"Kúrò lọ sí ibo?" mo bi í.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà dáhùn pé òun mọ àwọn kan ní apá Dei-Dei tó ń ra ajá fún ẹran jíjẹ. Wọ́n á mú okùn wá fúnra wọn, n kò ní ṣe wàhálà kankan. Ọmọbìnrin mi dúró lẹ́yìn mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ. Ẹ ní ajá yìí ní dìgbòlugi, ẹ sì fẹ́ kí ẹlòmíràn lọ pa á jẹ?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Alága ní kì í ṣe ìyẹn la ń sọ, pé dókítà fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i. Mo bi í pé dókítà wo, ilé ẹ̀kọ́ wo ló lọ, ta ló rí ìwé rẹ̀. Ó ní, "Madam, ọjọ́ mẹ́ta." Wọ́n jáde. Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá tó ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Kàdúná. Ó fún mi ní ìwé abẹ́rẹ́ ajá náà lọ́wọ́, ó ní, "Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbé e lọ síbi tó yẹ ká ti gbé e lọ."

Mo gba àyè níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ìyá mi jókòó ti ajá náà ní ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó lórí. Dókítà tó gbà wá ní ilé ìwòsàn ẹranko náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, ọmọ Òkun láti Kogí. Ó fi èdè Òkun kí ìyá mi, ìyá mi fi Èkìtì dá a lóhùn, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yékéyéké. Kò sáré fọwọ́ kan ajá náà. Ilẹ̀ ló jókòó sí, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó na ẹ̀yìn ọwọ́ síwájú kí ajá náà gbóòórùn rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé ètè rẹ̀ sókè.

"Ta ló fi irin ha eyín yìí, mà?"

Mo sọ fún un. Mo rí i pé inú ń bí òun náà, ó kàn ń gbé e mì ni.

Ó ṣàlàyé fún wa, ó ń fi ìka tọ́ka sí i. Ó ní lójoojúmọ́ ni nǹkan rírọ̀ kan máa ń bo eyín ajá, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bo tiwa. Bí a bá nù ún kúrò, ó tán. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á gan bí síméńtì, búrọ́ọ̀ṣì kò ní ràn án mọ́. Á wá wọ abẹ́ èrìgì, á máa jẹ gbòǹgbò eyín lọ́hùn-ún níbi tí ojú kò tó. Ó ní irin ọjọ́sí kò wo nǹkan kan sàn, ńṣe ló ha ojú eyín ní hẹrẹhẹrẹ, tí ìdọ̀tí tuntun á fi rí ibi dì mú, tó sì tún ti ti àwọn kan wọnú.

"Èyí tó là yìí ńkọ́?" ìyá mi béèrè.

"Eegun ni, màmá. Eegun tí a bá sè máa ń le, ó ń la eyín wọn."

Ìyá mi mi orí. "Èmi ni mo ń fún un," ni wọ́n wí.

"Ẹ ò mọ̀ ni, màmá," ni dókítà náà dáhùn. "Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní dókítà ló yẹ kó ti sọ fún yín."

Ó yẹ ìwé abẹ́rẹ́ náà wò, ó ní ó pé. Síbẹ̀, ajá tó bá ti bu ènìyàn jẹ, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Bí dìgbòlugi bá wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ènìyàn jẹ, kò ní pé ọjọ́ mẹ́wàá tí yóò fi hàn. Ó fún wa ní oògùn ìrora àti èyí tí yóò pa kòkòrò, ó ní bí ọjọ́ bá pé, òun á yọ eyín náà. Ó kọ lẹ́tà sí alága. Ó tún béèrè bóyá ọkùnrin náà ti lọ gba ìtọ́jú, mo ní n kò mọ̀. Ó fi fóònù mi pè é. Nígbà tó sọ ẹni tí òun jẹ́, ọkùnrin náà gé ìpè. Ó tún pè, kò gbé e. Ó wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó lọ sí ọsibítù. Bí mo ṣe bínú tó, mo rò ó lọ́kàn mi pé ẹni yìí tí dókítà ń fẹ́ gbà là kò tún fẹ́ gbọ́.

Alága ka lẹ́tà náà tán, ó ká a, ó ní ìgbìmọ̀ ti pinnu tán. Mo ní kí ìgbìmọ̀ wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà ilé mi nígbà náà.

A ti ajá náà mọ́ inú yàrá tí a ń kó ẹrù sí lẹ́yìn ilé. Ìyá mi gbé àga lọ síbẹ̀. Ẹ̀bà rírọ̀ àti ẹja tí wọ́n ti fi ọwọ́ ṣa gbogbo eegun rẹ̀ kúrò ni wọ́n ń fún un. Ìyá ọmọ tó máa ń bá ọmọ mi ṣeré kò jẹ́ kó wá mọ́. Àwọn tí a jọ ń kí ara wa láàárọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà kọjá. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, ẹnikẹ́ni kò wá pẹ̀lú okùn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tí mo ń sá aṣọ, mo rí ègé ẹran tútù kan nídìí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti là á láàárín, wọ́n sì ti kó oògùn dúdú wẹ́wẹ́ kan sínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń pa eku.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọdé èsìtéètì ti ń lé bọ́ọ̀lù bó bá fò kọjá. Mo fi ọ̀rá gbé ẹran náà, n kò bọ́ aṣọ ilé tó wà lọ́rùn mi, mo lọ tààrà sí ilé alága. Ó wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀ lórí itan. Mo gbé ọ̀rá náà sórí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ bá mi bi àwọn ènìyàn yín, ta ló ni èyí. Inú ọgbà mi ni wọ́n jù ú sí. Ọmọ yín yìí wà níbẹ̀ lánàá, ó wá mú bọ́ọ̀lù."

Ó la ọ̀rá náà, ó wò ó. Ó gbé ọmọ náà kúrò lórí itan, ó ní kó wọlé lọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Kò bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ó dìde, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dìde fún mi nìyẹn, ó ní, "Ẹ lọ, Madam. Kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu títí ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé." Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ju ẹran náà, wọn kò wá a rí. Ó ní kí a jẹ́ kó lọ nítorí àlàáfíà. Àlàáfíà ta ni, n kò mọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ajá náà wà láàyè, ara rẹ̀ sì le ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Ní ọjọ́ kejì, ó fún un ní oògùn oorun, ó fi ẹ̀rọ fọ gbogbo eyín rẹ̀ títí dé abẹ́ èrìgì, ó yọ mẹ́ta. Ó kó àwọn mẹ́ta náà sínú abọ́ kékeré, ó gbé wọn wá fún wa wò. Gbòǹgbò èyí tó là ti jẹrà tán, ọyún wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni ajá náà fi ń gbé ìyẹn kiri, tó sì ń ṣọ́ ilé wa, tó ń gba abẹ́rẹ́ aràn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, ìyá mi gbé iṣu sísè tí wọ́n rún sí wẹ́wẹ́ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá abọ́ náà, ó fi ahọ́n tì í káàkiri títí ó fi dé ìdí ògiri. Ìyá mi fi ìborùn nu ojú.

Dókítà ti kìlọ̀ pé bí a bá padà sí ìwà àtijọ́, èépá náà á padà. Ó ní kí n má lo ọṣẹ ìfọyín tiwa, nítorí ajá kò mọ bí a ṣe ń tutọ́, á gbé e mì ni, ohun mìíràn sì wà nínú rẹ̀ tó lè ṣe é léṣe. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo kàn fi ń gbé ètè rẹ̀ sókè, tí mo ń yìn ín. Lẹ́yìn náà ni mo wé aṣọ fífẹ́lẹ́ tútù mọ́ ìka, mo ń fi nu eyín rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìta. Nígbà tó yá, mo bọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé àti ọṣẹ ajá tó ń ta sánsán bí ẹran adìyẹ. Láàárọ̀, kí n tó múra iṣẹ́, a ó jókòó ní fàráńdà. Ìyá mi ń fi orin fọ tiwọn, èmi ń fọ ti ajá. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Àwọn ènìyàn ń wò wá láti orí ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá tó júwe ọmọ ilé wa fún mi dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọmọ ènìyàn kò rí búrọ́ọ̀ṣì lò, ìyá wa kan ń fi fọ ẹnu ajá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

N kò rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Àwọn ajá yín mẹ́ta, èwo lẹ ti yẹ ẹnu rẹ̀ wò rí? Bí ẹ bá délé, ẹ gbé ètè wọn sókè. Ẹ wò ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá bá mi sọ ti búrọ́ọ̀ṣì."

Àwọn kan ní n kò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bóyá òótọ́ ni. N kò tọrọ àforíjì.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ẹlẹ́wù funfun náà, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ní ó ń mójú tó irú rẹ̀. Akọ̀wé kan gbà á, ó fi í sábẹ́ òmíràn. Èmi náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Lẹ́yìn bí ọdún kan mo pàdé ọkùnrin náà ní ọjà Karmo, ẹ̀wù funfun wà lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti jinná. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní, "Màdámù, ajá wa ńkọ́?" Ajá wa. Mo sọ fún un pé ó wà, pé eyín mẹ́ta ni wọ́n yọ. Ó gbójú sókè, ó ní ẹ ṣé o, Ọlọ́run ló wò ó sàn. Obìnrin kan dúró tì í tó di okùn ajá kékeré kan mú. Mo yíjú sí i, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú ọkùnrin náà, láti orí ìgò tí kò níwèé títí dé orí irin mẹkáníìkì. Obìnrin náà gbé ajá rẹ̀ lé apá, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan ni ìdájọ́ tí mo rí gbà nínú ọ̀ràn náà.

Ajá wa lo ọdún mẹ́rin sí i, kò sì sí eyín tí a tún ní láti yọ. Ọdún kejì nínú mẹ́rin náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, alága kan ilẹ̀kùn wa. Ó gbé ọmọ ajá dúdú kan sí abẹ́ apá. Ó ní ọmọ òun ló rà á fún ọmọ ọmọ òun, pé òun gbọ́ pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu wọn.

Mo ní kó jókòó. Mo wé aṣọ mọ́ ìka, mo fi bí wọ́n ṣe ń gbé ètè sókè hàn án. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tí eyín rẹ̀ ṣì kéré. Mo ní kò gbọdọ̀ fún un ní eegun sísè. Ó ṣe é wò fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wúwo, ọmọ ajá náà ń gé ìka rẹ̀ jẹ. Ó bi mí ní ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta, ó dúpẹ́, ó dìde. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo ń retí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kan tó yẹ kó sọ fún mi láti ọdún méjì. Ó ní oòrùn á mú lónìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.